Bàtà Nọ́ńbà 38: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ọ̀gá Ilé-Iṣẹ́ Iná

Sí ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, ti sólà àti ti epo, ní orílẹ̀-èdè Benin,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà iná tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ kò mọ̀ mí. Oníṣẹ́ iná ni mí, Kétu ni mo ti ń jẹun. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gun òrùlé onílé kiri, nígbà tó sì yá, mo yà sídìí sólà torí ibẹ̀ lọjà ń lọ. Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi: tábìlì méjì, àkàsọ̀ méjì, ọmọ iṣẹ́ méjì, àti òkú bátìrì tó pọ̀ ju alààyè lọ. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé ńlá, àwọn ọmọ a máa wá bá mi pé àwọn ń wá sitáàjì, ìyẹn ibi tí wọ́n á ti fi ọlidé kọ́ iṣẹ́ lójú iṣẹ́. Mẹ́ta ni mo gbà lọ́dún yìí: ọmọbìnrin kan láti Pobè, ọmọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), òmíràn láti Ṣábẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ló mú mi jókòó sídìí ìwé yìí.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwòrán ti kún orí fóònù mi. Ilé-iṣẹ́ yìí ń kí àwọn ọmọ sitáàjì rẹ̀ kú iṣẹ́, tọ̀hún náà ń kí tirẹ̀. Ẹ tò wọ́n sójú kan, ẹ wọ̀ wọ́n ní ẹ̀wù funfun, ẹ dé akoto tuntun lé wọn lórí, akoto tí eruku kankan kò tíì bà lé, kéèkì sì wà níwájú. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lókè òkun náà. Ìgbà ooru ni wọ́n ń pe àkókò sitáàjì lọ́hùn-ún. Tiwa kọ́ ni ooru. Oṣù keje, òjò ṣì ń lu páànù. Oṣù kẹjọ, ó sinmi díẹ̀. Oṣù kẹsàn-án, ó tún gbé ìlù rẹ̀ dé. Inú ẹrẹ̀ ni ọmọ sitáàjì tiwa ti ń rìn, ìdí nìyẹn tí akoto tuntun yẹn fi ń kọ mí lóminú.

N kò bá kéèkì jà o. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó yẹ ká yọ̀ fún un, ká sì jẹun sí i. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé kí ni àwọn ọmọ náà ṣe ká tó gé kéèkì?

Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ aṣọ rírán. Bó bá parí lọ́dọ̀ ìyá ọ̀gá rẹ̀, libération, ayẹyẹ ìgbòmìnira, là ń ṣe fún un, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọmọ á kúnlẹ̀. Ọ̀gá á da pọ́dà sí i lórí, á dà á sí i lọ́rùn, títí ọmọ á fi funfun bí ẹni tó ṣubú sínú èlùbọ́. Wọ́n á gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á mú sísọ́ọ̀sì, á fi lé e lọ́wọ́ níṣojú bàbá àti ìyá rẹ̀, ni ìlù bá dún. Bó ṣe ń lọ sílé pẹ̀lú pọ́dà lórí, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró lọ́nà pé kí lo kọ́. Aṣọ tó rán ti wà lára àwọn aládùúgbò.

Ọmọ tó ṣe sitáàjì iná ńkọ́, kí la fi ń lé e lọ́wọ́? Ìwé kan nínú àpòòwé, tí wọ́n kọ sí i pé ó wá, pé ó tètè ń dé, pé ìwà rẹ̀ dára.

Mo mọ ìwé yẹn dáadáa, torí mo ní ọ̀kan nínú àpótí. Ọdún 1989 ni mo gbà á, ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà náà á rántí bí ìlú ṣe rí: owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kò jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìgboro, kó tó di pé wọ́n pe ìpàdé àpérò ńlá ní oṣù kejì ọdún 1990. Ẹni tí ebi ń pa, tí wọn kò sanwó fún, ó ṣe máa ráyè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́? Mo ti dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe fọ́tókọ́pì, tí mo fi ń sáré ra búrẹ́dì. Mo mọ ẹni tó ń fẹ́ ata sí ẹyin rẹ̀, mo mọ ẹni tí kì í jẹ àlùbọ́sà. Tiransifọ́mà wà lẹ́yìn ọgbà, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń kùn láti ibi tí mo ti ń to ìwé. N kò wọ yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìwé tí wọ́n wá fún mi sì sọ pé mo ti mọ iṣẹ́ pínpín iná tinú tẹ̀yìn!

Ohun tí mo mọ̀ lónìí, ọ̀gá kan ní Sakété ló kọ́ mi lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó fi píláyà kàn mí lórí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa lu ọmọ o.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹjọ.

Ìyá kan wà ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìlárà tó ń ta omi tútù àti yáwọ̀ọ̀tì. Páńẹ́ẹ̀lì, bátìrì, ìnfátà kan tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí fíríìsà ń lò, fíríìsà kan, gbogbo ohun ìní rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án, kò sí wàhálà. Bí òòrùn bá ti wọ̀, tí fíríìsà bá fẹ́ gbéra, ìnfátà á ké bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì kú pátá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo wo bátìrì, tí mo mi orí, tí mo sọ fún ìyá pé bátìrì rẹ̀ ti gbó, kó máa wá owó òmíràn. Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá èsúsú nítorí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi.

Ọmọbìnrin Pobè yìí ló ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ lè jẹ́ ká lọ lálẹ́, ká wọ̀n ọ́n nígbà tí àìsàn náà bá ń ṣe é?” Ó kù díẹ̀ kí n bi í pé kí ló mọ̀. Mo gbé e mì. Ìgbà méjèèjì tí mo ti lọ, ọ̀sán ni.

A lọ. Ẹ̀fọn jẹ wá dé egungun. Ó fi ẹnu mítà, ohun èlò tí a fi ń wọn iná, kan orí bátìrì, ó ka volt 12.3; volt ló ń sọ bí agbára tó ń ti iná ṣe tó. A dúró. Fíríìsà gbìyànjú láti gbéra, nọ́ńbà sì wálẹ̀ sí 12.1, kò lọ jù bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ wò ó, ọ̀gá, kò rẹ bátìrì yìí o.” Ó gbé mítà lọ sí ẹnu ìnfátà, níbi tí wáyà ti wọlé. A tún dúró. Fíríìsà tún gbìyànjú. 10.4. Ìnfátà ké, ilé ṣókùnkùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n là á fún àwọn yòókù. Iná gbéra lórí bátìrì pẹ̀lú 12.1, ó dé ẹnu ìnfátà pẹ̀lú 10.4. Èyí tó dín, wáyà ló jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ọmọ náà fi iná fóònù tan ara wáyà, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i: 6 mm², ìyẹn bí inú rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ó sì gùn tó mítà márùn-ún. Wáyà rere ni fún iná volt 220 tó wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gba agbára kan náà lórí volt 12, ìṣàn tó máa gba inú wáyà kọjá á di ìlọ́po méjìdínlógún, bẹ́ẹ̀ bí ìṣàn bá ṣe pọ̀ tó ni wáyà tín-ín-rín ṣe ń jẹ iná tó. Fíríìsà tó ń jẹ watt 150 nígbà tó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹ bá rí i nígbà tó fẹ́ gbéra, ó lè bèèrè ìlọ́po mẹ́rin ẹ̀. Lọ́sàn-án, páńẹ́ẹ̀lì ń ti bátìrì sókè kọjá volt 13, ohun tí wáyà ń jẹ kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Bí òòrùn bá wọ̀, àṣírí á tú. Èmi tí mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí, bátìrì ni mo ń bú.

Lọ́jọ́ kejì, a sún ìnfátà mọ́ bátìrì, a gé wáyà 35 mm² tí kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Òun ló gé e, òun ló tẹ ẹnu irin mọ́ ọn, òun ló dì í. Nígbà tílẹ̀ ṣú, ìyá dúró ti fíríìsà, ó káwọ́ lé àyà, ó ń retí igbe. Fíríìsà gbéra. Igbe kò wá. Ìyá ń wo ìnfátà, ó ń wo wa, ó tún wo ìnfátà. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, tó ń bi í pé ọmọ ilé ta ni ní Pobè. Ó fún un ní yáwọ̀ọ̀tì mẹ́fà. Kò fún mi ní ẹyọ kan, ẹjọ́ ìyá sì kọ́.

Mo ní kí ọmọ náà mú bírò tí kì í parẹ́, kó kọ ọjọ́, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìlẹ̀kùn àpótí bátìrì náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní láti tún un kọ. Lójú tèmi, alẹ́ ọjọ́ yẹn ló ṣe libération rẹ̀. Ká ní pọ́dà wà lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá dà á sí i lórí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọmọ tẹ́ ẹ bá gbà ní oṣù keje tó ń bọ̀, ẹ wá iṣẹ́ kan fún un tó kéré débi tó lè parí láàárín oṣù méjì, tó sì tóbi débi tó lè kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Kò ní kó jẹ́ ohun ńlá. Ẹ fún un ní àdúgbò kan, kó máa tọpa ibi tí iná ti ń já ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, kó wá sọ fún yín ohun tó rí lórí òpó. Ẹ fún un ní ìlà páńẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, kó máa kọ bó ṣe ń ṣe láàárọ̀ kùtù àti lọ́sàn-án gangan, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé òòrùn ló ń bọ́ páńẹ́ẹ̀lì, ooru ló sì ń jí i jẹ. Àgbà oníṣẹ́ mélòó ni kò mọ ìyẹn! Wọ́n ń rò pé bí ojú ọjọ́ bá ṣe gbóná tó ni sólà ṣe máa ṣiṣẹ́ tó.

Wọ́n máa ba nǹkan jẹ́, òótọ́ ni. Ọmọ Àjàṣẹ́ wa, tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kò sí ohun tí kò tíì rí lórí fóònù, ó ki wáyà mítà bọ ojúhò ampere, èyí tó wà fún wíwọn ìṣàn, kì í ṣe volt, ó lọ fi wọn iná ara ògiri. Pàá! Fíúùsì mítà lọ, ojú ọmọ funfun láìsí pọ́dà. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣèṣe. Òun náà ló pààrọ̀ fíúùsì. Láti ọjọ́ yẹn, kó tó wọn ohunkóhun, á kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà pupa wà, á sì pè é síta bí ẹni ń kírun: volt, volt, volt. Ta ló máa fi ìwé kọ́ ọ nìyẹn? Mo mọ agbẹ́gilére kan nílùú wa níbí tó ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Igi tó ti sán ló ń kọ́kọ́ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kó gbẹ́ ẹ bó ṣe wù ú, kó bà á jẹ́ tẹ́rùn. (Wọ́n ti gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n ti gbẹ́ alùpùpù. Mo ń retí ọdún tí màá rí páńẹ́ẹ̀lì sólà lórí rẹ̀.)

Ti ọmọ Ṣábẹ̀ yàtọ̀. Kò lè gun àkàsọ̀. Bó bá dé ìtẹ̀sẹ̀ kẹta, orúnkún rẹ̀ á máa lu ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ní ká dá a padà sílé, pé oníṣẹ́ iná tó ń bẹ̀rù òkè dà bí apẹja tó ń bẹ̀rù omi. Mo fún un ní ìwé ajákọ kan, mo ní kó lọ sọ́jà, kó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lo jẹnẹrétọ̀ pé ìgò kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà lójú títì, mélòó ni wọ́n ń dà sí i lọ́sẹ̀. Àkókò tó dáa ni fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí kpayo ojú títì wa náà sì fò sókè, kò sí onígbàjámọ̀ tí kò mọ iye ìgò rẹ̀ sórí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ. Ó lọ, ó padà dé pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́rin tó kún dẹ́múdẹ́mú. Oníbàárà méjì ni mo ti rí nínú ẹ̀. Ó sì fi ìbéèrè kan kún un tí mi ò rán an: níbo lẹ ń kó epo náà sí? Ẹnìkan ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òmíràn ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Ẹ rántí iná Sèmè-Kraké, oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kan náà, tó pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n níbi tí wọ́n ń kó epo sí. Ọmọ tó ń bẹ̀rù àkàsọ̀ ló ronú kan ìyẹn. Inú ilé-iṣẹ́ yín, àyè irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, bí ẹ kò bá fi àkàsọ̀ nìkan wọn gbogbo èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ibi tí sitáàjì wà tún wà níbẹ̀. Iṣẹ́ iná ti wá bá wa nílé. Sakété ni wáyà ńlá kilovolt 330 láti Nàìjíríà ti wọ ilẹ̀ wa láti ọdún 2007. Illoulofin, ní Pobè, ni wọ́n kọ́ ibùdó sólà megawatt 25 sí, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022. Ní Sèmè, nítòsí Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti fa epo tiwa láti 1982 títí di 1998, epo Niger ti ń bá páìpù wá wọ ọkọ̀ òkun láti ọdún 2024. Ìlú wa nìwọ̀nyí, ilẹ̀ àwọn bàbá wa ni òpó yín dúró lé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá ní òun fẹ́ sitáàjì, wọ́n á ní kó máa bọ̀ ní Kútọ̀nù. Kí ọmọ Kétu tó lè lo oṣù méjì ní Kútọ̀nù, ó gbọ́dọ̀ ní mọ̀lẹ́bí tó máa gbà á sílé, kó ní owó zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, kó sì jẹun ọ̀sán. Ẹni tí kò ní i á jókòó sílé, ọmọ ẹni tó mọ ọ̀gá á wọlé dípò rẹ̀. Ẹ san owó ọkọ̀ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Owó kéèkì àti ẹ̀wù funfun yẹn, ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé kò sí àpẹẹrẹ nítòsí. Ní ibùdó ìkọ́ṣẹ́ Songhaï, ní Àjàṣẹ́, láti ọdún 1985 ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ ìgbẹ́ ẹran di gáàsì. Iṣẹ́ ìgbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń wọ ẹ̀wù funfun ṣe.

Ó ku ohun kan, mo sì mọ̀ pé ó máa kéré lójú yín. Ọmọbìnrin Pobè sọ fún mi pé lọ́dún tó kọjá, níbi tóun ti kọ́kọ́ ṣe sitáàjì, bàtà iṣẹ́ tó kéré jù tí wọ́n ní jẹ́ nọ́ńbà 42. Ó ki àkísà bọ iwájú rẹ̀, ó ń wọ́ ọ kiri ọgbà bíi pẹ́pẹ́yẹ, àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín. Kò lè gun òpó pẹ̀lú rẹ̀, ni wọ́n bá ní kó jókòó sí ọ́fíìsì, kó máa ṣe fọ́tókọ́pì. Ó fi àwòrán ìparí hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ìlà ẹ̀yìn ló dúró sí, ó ń rẹ́rìn-ín bíi tàwọn yòókù. Mo bi í pé kí ló dé tó fi sá sẹ́yìn. Ó ní káwọn èèyàn má baà rí ẹsẹ̀ òun.

Ó ti padà sílé-ìwé báyìí. Kó tó lọ, ó jókòó sórí àga mi, ó kọ lẹ́tà mẹ́rin sí ilé-iṣẹ́ mẹ́rin fún ọdún tó ń bọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ wáyà ìyá oníyáwọ̀ọ̀tì sínú gbogbo rẹ̀, 12.1 àti 10.4. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí orí tábìlì yín, ẹ má fi sábẹ́ àwọn yòókù. Ẹ sì ra bàtà kan sílẹ̀ dè é. Nọ́ńbà 38 ni.

Èmi ni,
Oníṣẹ́ iná kan ní Kétu